Carlos Acosta àti Àwọn Tí Ó Kọ́ Ọ Ní Ijó

Bí adúláwọ̀ kan bá ti gba orúkọ ní òkè òkun, tí a sì gbọ́ pé òrìṣà wa kan wà nínú ìtàn ìdílé rẹ̀, kíá ni àwa Yorùbá a máa wí pé, tiwa ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Carlos Acosta rí, ọmọ ilẹ̀ Kúbà, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tí ó mọ ijó ballet í jó jù lọ ní ayé ìgbà tiwa, tí ó sì ti di aṣẹ̀dá ijó àti olórí ẹgbẹ́ oníjó. A kò ní bá ẹnikẹ́ni du ayọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé gbogbo ògo ọkùnrin yìí fún ẹ̀jẹ̀ tàbí fún òrìṣà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó gbà lọ́wọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ṣe Acosta: ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ní ilẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́, lábẹ́ àwọn olùkọ́ tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ aláìgbọràn kan sú wọn. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ìtàn rẹ̀ kan àwọn olùkọ́ wa ju bí ó ti kan àwọn tí ń wá ìbátan ní òkè òkun lọ.

A bí i ní ọjọ́ kejì oṣù June, 1973, ní Los Pinos, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní ẹ̀yìn ìlú Havana. Òun ni ọmọ ìkọkànlá, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Awakọ̀ lọ́rì ni Pedro, bàbá rẹ̀. Orúkọ Acosta tí wọ́n ń jẹ́ kì í ṣe orúkọ tí baba ńlá wọn gbé ti ilẹ̀ adúláwọ̀ wá. Orúkọ oko ìrèké tí àwọn ará wọn ti ṣe ẹrú ni. Ní 1886 ni a tó fi òpin sí òwò ìmúnisìn bẹ́ẹ̀ ní Kúbà, nígbà tí ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin dè é ní àwọn ilẹ̀ tiwọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kó lọ sí Kúbà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun sì gba ilẹ̀ wa kan, Yorùbá ni wọ́n. Lukumí ni a ń pè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n gbé Ṣàngó, Yemọja, Ọ̀ṣun, Ẹlẹ́gbára àti Ògún dání, àwọn òrìṣà wọ̀nyí sì wà níbẹ̀ di òní olónìí. Bàbá Acosta wà lára àwọn tí ń sìn wọ́n. Nínú sinimá tí a ṣe nípa ayé Acosta ní 2018, tí a fi ìnagijẹ rẹ̀ láti kékeré pè ní Yuli, bàbá yìí ka ọmọ náà sí ọmọ Ògún, akọni tí a bí fún ìjà. Kò sí awakọ̀ lọ́rì kan láti Ìbàdàn dé Oǹdó tí yóò bi wá léèrè ìdí rẹ̀. Ẹni tí irin ń gbé kiri lójoojúmọ́, ta ni ìbá tún máa bọ bí kò ṣe Ògún? Síbẹ̀, Ògún kọ́ ni ó fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ijó. Pedro ni.

Ọmọ náà kò sì fẹ́ lọ. Bọ́ọ̀lù ni ó wù ú. Bí Pelé ni ó fẹ́ rí. Ijó tí ó mọ̀ ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó ní ìgboro, tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn àti orí yí lórí ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí i pé bí ó bá ń bá a lọ báyìí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òpópónà, ibi tí kò dára ni yóò parí rẹ̀ sí. Ó gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ballet wà tí ìjọba ń ná owó rẹ̀, tí a kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí, tí ọmọ sì ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Ìyẹn ti tó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ó mú un lọ. Bàbá tí ó fi ipá lé ọmọ lọ sí ẹnu ẹ̀kọ́ òfin tàbí ti ìṣègùn kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa; ṣùgbọ́n bàbá tí ó fi ipá lé ọmọ lọ kọ́ ijó, ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan kí ó fi hàn wá!

Kí a má ṣe rò pé ijó yìí dà bí èyí tí a ń jó lójú agbo. Ballet jẹ́ ijó tí ó dàgbà nínú ààfin àwọn ọba ilẹ̀ Ítálì àti ilẹ̀ Faransé. Oníjó kì í sọ̀rọ̀. Apá, ẹsẹ̀ àti ara ni ó fi ń sọ ìtàn. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọ, nígbà tí eegun ṣì rọ̀, lọ́dọọdún, lójoojúmọ́, lórí ohun kan náà: bí a ti í tẹ orúnkún, bí a ti í yí itan síta, bí a ti í fò tí a ó sì balẹ̀ láìró. Ẹni tí ó bá sinmi ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ yóò sọ fún un.

Ọmọ Los Pinos kò ní sùúrù fún irú èyí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ obìnrin ni ó ń kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó sá títí àwọn aláṣẹ fi lé e jáde. Níbi tí ìtàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń parí nìyí. Ìwé ìlélọ ni a ó kọ, olùkọ́ yóò fi ẹnu sí i pé ọmọ náà kò ní láárí, bàbá yóò sì mú un lọ sí ẹnu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní Kúbà, ilé-ẹ̀kọ́ ballet kì í ṣe ẹyọ kan ní olú-ìlú. A rán Acosta lọ sí Pinar del Río ní ìhà ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà, ó tó nǹkan bí 160 kìlómítà sí ilé rẹ̀. Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó rí àwọn oníjó Ẹgbẹ́ Ballet ti Orílẹ̀-èdè Kúbà lórí ìtàgé, ó rí bí ọkùnrin ti ń fò sókè bí ẹni pé ilẹ̀ kò ní ipá lórí rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ẹni tí ó ní láti lé e lọ sí ẹnu ẹ̀kọ́.

Ẹgbẹ́ tí ó rí yìí, Alicia Alonso, Fernando ọkọ rẹ̀, àti Alberto àbúrò Fernando ni ó dá a sílẹ̀ ní 1948. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ti 1959, ìjọba gba ìnáwó rẹ̀ mọ́ra, ó sì tan ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ká ilẹ̀ náà. Fernando, tí òkìkí rẹ̀ kò tó ti ìyàwó rẹ̀, ni ó jókòó ti bí a ó ṣe máa kọ́ni. Ó wo ọ̀nà tí àwọn ará Rọ́ṣíà, Ítálì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń gbà kọ́ ijó yìí, ó mú èyí tí ó bá ara àwọn ọmọ Kúbà mu, ó sì fi kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Ramona de Sáa, tí ó wá di olórí ilé-ẹ̀kọ́ ballet ti orílẹ̀-èdè náà.

Orúkọ obìnrin yìí ni a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa kọ sílẹ̀. Nígbà tí Acosta dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àkọsílẹ̀ ìwà tí ó bá a wá kì í ṣe èyí tí a lè fi yangàn. De Sáa kò wo ìyẹn. Ní 1989, ó mú un dání lọ sí Turin ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí àwọn ará Kúbà ti ń kọ́ni; ó ń lò ó ní ilé ìkọ́jó lójoojúmọ́ bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ; ní January 1990, ó sì gbé e lọ sí Lausanne ní ilẹ̀ Swítsàlándì, sí ìdíje àwọn ọ̀dọ́ oníjó tí gbogbo ayé ń wò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Àmì-ẹ̀yẹ wúrà ni ó gbà. Bí a bá lé ọmọ kan kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọmọ ọdún méjìlá, ta ni yóò wà níbẹ̀ láti rí ohun tí yóò dà ní ọdún kẹrìndínlógún? Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin olùkọ́ ju ti ìdíje lọ, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ń mú gègé tí a fi ń kọ ìwé ìlélọ.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1991, ọmọ ọdún méjìdínlógún, English National Ballet ní Lọ́ńdọ̀nù fi í sí ipò olórí oníjó. Ọrùn ẹsẹ̀ dá a dúró, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó padà sí ilé. Láti 1993, ó wà ní Houston ní Amẹ́ríkà. Ní 1998, ó bọ́ sí Royal Ballet ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lo ọdún mẹ́tàdínlógún níbẹ̀. Àwọn ipò ọmọ ọba tí ó kún inú ìtàn ballet, tí ojú kò mọ̀ ju kí òyìnbó funfun máa ṣe wọ́n lọ, ó ṣe wọ́n: Siegfried àti àwọn mìíràn. Ní 2007, àwọn Bolshoi ti Rọ́ṣíà pè é kí ó wá jó Spartacus láàrin wọn. Spartacus jẹ́ ẹrú tí ó dìde sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Kí ènìyàn rántí oko ìrèké tí a ti gbọ́ nípa rẹ̀, kí ó sì wo ẹni tí ń jó o.

Níbí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Oníjó kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí agbẹjọ́rò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbó sí i, orúnkún oníjó ti ń dún. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó wá ń fẹ́ di aṣẹ̀dá ijó, àwọn ènìyàn sì rò pé ọ̀nà kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Oníjó ni a rán ní iṣẹ́, tí ó sì jẹ́ ẹ. Aṣẹ̀dá ijó ni ó rán an. Ìkínní ń ro ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìkejì ní láti ro ẹsẹ̀ ogójì ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó mọ ìgbà tí ẹnì kan yóò wọlé, ìgbà tí gbogbo wọn yóò dúró jẹ́ẹ́, àti ohun tí olùwòran yóò lóye láìsí ọ̀rọ̀ kan. Onílù lè mọ gángan í lù kí ó má mọ igi rẹ̀ í gbẹ́.

Acosta bẹ̀rẹ̀ ní 2003 pẹ̀lú Tocororo, tí ó sọ orúkọ rẹ̀ ní ti ẹyẹ orílẹ̀-èdè Kúbà. Ìtàn ọmọ oko kan tí ó wá sí ìlú ńlá láti jó ni, ó sì hàn pé ìtàn ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Ní Havana ni a kọ́kọ́ ṣe é, kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2013, Royal Ballet fún un ní Don Quixote láti tún tò. Ó mú àwọn onígìtá gorí ìtàgé, ó jẹ́ kí àwọn oníjó pariwo kí wọ́n sì kọ hàà, èyí tí kò bá ìṣe ballet mu. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kan fà á ya. Ní 2015, ó ṣe Carmen láti fi dágbére fún ìtàgé Royal Ballet. Àwọn lámèyítọ́ kò fojú rere wò ó. Wọ́n ní ó kún fún ariwo, kò sì jinlẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ Acosta bínú sí ìdájọ́ yìí. Ní tiwa, a kò rí i pé ó yẹ kí a bínú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jó bí iná ni ó lè ṣẹ̀dá ijó tí yóò wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì sí ìtìjú kan nínú ìyẹn. Àwọn tí ń fi Carmen nìkan wọn ìdajì kejì iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣì í wọ̀n, nítorí pé ní ọdún yẹn gan-an, 2015, ni ó dá ohun tí ó tóbi jù ú lọ sílẹ̀: ẹgbẹ́ Acosta Danza ní Havana, tí ó kọ́kọ́ jáde sí gbangba ní April 2016. Àwọn oníjó tí ó kó jọ, àwọn kan ti ẹnu ẹ̀kọ́ ballet wá, àwọn mìíràn ti ẹnu ijó ìgbàlódé. Dípò kí ó sọ ẹgbẹ́ náà di ojúbọ ara rẹ̀, kí ijó tirẹ̀ nìkan máa wà níbẹ̀, ó pe àwọn ẹlòmíràn. Marianela Boán, obìnrin Kúbà, wà nínú àwọn tí a ń jó ijó wọn. Sidi Larbi Cherkaoui láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àti Christopher Bruce ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ní 2017, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ijó kan ní Havana, a kì í sì í gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń kọ́ níbẹ̀. Ohun tí a ṣe fún un ni ó ń ṣe fún wọn.

Ibí gan-an ni ẹni tí ó bá ń wá ohun tí ó jẹ́ tiwa ti lè rí nǹkan dìmú. Ijó ìgbàlódé tí àwọn ọmọ Kúbà ń jó kò ti òyìnbó nìkan wá. Ní 1959, Ramiro Guerra dá ẹgbẹ́ ijó ìgbàlódé sílẹ̀ ní Havana. Ní 1960, ó ṣe ijó kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Suite Yoruba, tí ó mú àwọn òrìṣà wá sí orí ìtàgé tíátà. Láti ìgbà náà, bí a ti ń jó fún Ògún, fún Ọ̀ṣun, fún Yemọja, ti di ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ijó ìgbàlódé wọn, pẹ̀lú olùkọ́ àti ìdánwò. Àwọn tí a kó lọ nínú ẹ̀wọ̀n fi ẹsẹ̀ pa á mọ́. Àwọn ọmọ wọn sì fi ilé-ẹ̀kọ́ pa á mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kí ẹni tí ó fẹ́ wí pé "tiwa ni" kọ́kọ́ ka iye ilé-ẹ̀kọ́ tí àwa fúnra wa ti ń kọ́ ọmọ ní ijó Ògún bí ẹ̀kọ́ tí ó ní orí àti ìdí.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn. Wọn yóò ní Kúbà jẹ́ ilẹ̀ tí oúnjẹ ti ṣọ̀wọ́n, kí ni ìjọba rẹ̀ ń fi owó ṣe ijó ààfin òyìnbó sí? Wọn yóò tún ní àwọn oníjó tí ó fi owó mẹ̀kúnnù kọ́, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ, tí wọn kò sì padà. Òtítọ́ ni èyí ìkejì, kò yẹ kí a fi bò. Ìlú tí ó bá fún ọmọ ní ìyẹ́, tí ó sì ń bẹ̀rù pé yóò fò, yóò pàdánù rẹ̀. Ìdè tí ìjọba Kúbà fi de àwọn ènìyàn rẹ̀ kò kéré nínú ohun tí ó lé àwọn oníjó wọ̀nyí lọ. Acosta rí ààyè láti máa lọ kí ó sì máa bọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí i. Ní ti oúnjẹ, àwa kò mọ ìlú kan tí ó yó nítorí pé ó ti ilé-ẹ̀kọ́ ijó pa. Pedro kò fi ọmọ rẹ̀ sí ballet nítorí pé ó fẹ́ràn ijó ààfin. Nítorí oúnjẹ ọ̀sán ni, àti nítorí ìbẹ̀rù òpópónà.

Bí ó ti wù kí ó rí, owó ìjọba nìkan kò tó, Kúbà náà sì jẹ́rìí sí i. Ní 1961, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ballet kan ní Cubanacán, lórí pápá tí àwọn olówó Havana ti ń gbá gọ́ọ̀fù tẹ́lẹ̀. Vittorio Garatti, ọmọ Ítálì, ni ó ya àwòrán rẹ̀: òrùlé bìrìkì tí ó rí roboto bí igbá tí a dà bolẹ̀, nínú igbó, lẹ́bàá odò. Ẹwà rẹ̀ pọ̀. Ní 1965, a fi í sílẹ̀ láìparí. Omi odò wọ inú rẹ̀, igbó bò ó. Ìgbà tí ó di 2012, Acosta fẹ́ sọ ọ́ di ilé fún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì wá ayàwòrán ilé mìíràn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Garatti, tí ó ti di arúgbó, kọ̀ jálẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ẹlòmíràn tún iṣẹ́ òun ṣe. Ètò náà forí ṣánpọ́n. Àwa rò pé Garatti ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ kò jó nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ọ, kí ni a ń dáàbò bò níbẹ̀?

Acosta wá ibòmíràn lọ. Láti January 2020 ni ó ti di olórí Birmingham Royal Ballet ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí àrùn Kòrónà ti gbogbo tíátà pa. Ó dúró. Ní 2022, ó tún Don Quixote rẹ̀ tò fún wọn. Ní 2023, ó mú àbá kan wá tí ó ya àwọn àgbà ballet lẹ́nu: kí a fi orin Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin onígìtá aláriwo tí ó jáde láti Birmingham kan náà, ṣe ijó ballet. Àwọn tí kò wọ tíátà ballet rí ra ìwé ìwọlé. Àbá náà jẹ́ tirẹ̀, ilé náà sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun bí ó bá fẹ́ ṣẹ̀dá gbogbo ijó náà fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni ó gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́: Pontus Lidberg láti Swídìn, Cassi Abranches láti Bràsíìlì, àti Raúl Reinoso, ọmọ Kúbà. Inú ẹgbẹ́ Acosta Danza ni Reinoso ti wá.